Oògùn Tí Kò Dé Ibi Àrùn

Ní ìkórè ọdún 2003 sí 2004, ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà kó ọsàn tó kún àpótí mílíọ̀nù 242 kúrò lóko. Àpótí kan wọ̀n tó kílò 41, kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí àpò sìmẹ́ńtì. Nígbà tó di ìkórè 2023 sí 2024, gbogbo ohun tí wọ́n rí kó kò ju nǹkan bí àpótí mílíọ̀nù 18 lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e, ó tún já sí bíi mílíọ̀nù 12. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kó ogún agbọ̀n nígbà yẹn, agbọ̀n kan péré ló ń gbé wálé báyìí. Ìjì líle jà ní Florida láàárín ọdún wọ̀nyẹn, òótọ́ ni, àwọn mìíràn sì ta oko wọn fún àwọn tó ń kọ́lé. Ṣùgbọ́n àrùn ló ti wó ògiri kí ìjì tó wá ṣí páànù. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Alico, tó wà lára àwọn tí oko ọsàn wọn tóbi jù níbẹ̀, kéde pé òun ń fi ọsàn gbíngbìn sílẹ̀.

Orúkọ tí àwọn ará Ṣáínà fún àrùn náà ni gbogbo ayé fi ń pè é: huanglongbing. Kòkòrò kékeré kan tó ń fò, tí gígùn rẹ̀ kò ju ìdajì wóró ìrẹsì lọ, ló ń gbé e kiri láti igi dé igi. Wọ́n rí kòkòrò yìí ní Florida ní ọdún 1998, wọ́n sì rí àrùn náà fúnra rẹ̀ ní 2005. Bí ẹ̀fọn ṣe ń fi ẹnu gún wa fa ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò yìí ṣe ń gún ọ̀mùnú ewé ọsàn fa omi rẹ̀ mu. Bí ẹ̀fọn sì ṣe ń ti ẹnu kan náà fi ibà síni lára, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ṣe ń fi bakitéríà sínú igi. Ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú kan, á tutù lójú kejì. Èso á kéré, á wọ́, ìdí rẹ̀ kò ní pọ́n, omi inú rẹ̀ á korò, á sì máa já bọ́ kí ọjọ́ ìkórè tó pé. Igi náà kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mélòó kan, kí ó máa gba ajílẹ̀, kí ó máa gba omi, kí ó má so ohun tó ṣeé tà, kí ó sì máa pín àrùn fún àwọn ará àdúgbò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ti bakitéríà yìí tún jinlẹ̀ ju ìdí lọ. Kò sí lójú ewé, kò sí lára èèpo. Inú ọ̀nà tóóró tí igi ń gbà gbé ṣúgà láti ewé lọ sí gbòǹgbò àti èso ló ń gbé, lábẹ́ èèpo, níbi tí òjò kò dé, tí oòrùn kò dé, tí oògùn tí àgbẹ̀ ń fín pẹ̀lú kò sì dé. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ ṣúgà igi, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mú kí ọ̀nà dí, títí ebi yóò fi máa pa gbòǹgbò nígbà tí oúnjẹ há sínú ewé. Ó burú débi pé àwọn onímọ̀ kò tíì rí i sìn dáadáa nínú àwo yàrá ìwádìí, nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ dán oògùn wò, ìbátan rẹ̀ kan tó gbà kí a sin òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé oògùn dé. Ní ọdún 2016, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà fàyè pàjáwìrì gba àwọn àgbẹ̀ Florida láti máa fín streptomycin àti oxytetracycline sí igi ọsàn. Ìwọ̀nyí kì í ṣe oògùn oko lásán. Oògùn tí dókítà ń kọ fún ènìyàn ni wọ́n. Streptomycin yìí kan náà ni wọ́n fi ń wo ikọ́ ife. Wọ́n ń pa bakitéríà, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fín wọn sí ewé, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ráyè wọ inú igi, nítorí ewé ọsàn ní ọ̀rá dídán lára bí ẹni pé wọ́n fi ìpara pa á. Èyí tó kù ṣàn lọ sílẹ̀, oòrùn sì ba òmíràn jẹ́ níbi tó wà. Nígbà tó yá, wọ́n yí ọwọ́ padà: wọ́n ń lu ihò sí ara igi, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ oxytetracycline. Ọ̀nà yìí ń mú oògùn dé inú igi ju fínfín lọ fíìfíì, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sì ti gbà á láti ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ ni ihò kọ̀ọ̀kan, a sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ní ti streptomycin, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ kan fagi lé ìwé àṣẹ rẹ̀ lórí ọsàn ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nítorí pé àjọ tó fún un láṣẹ kò ṣe àyẹ̀wò tí òfin béèrè lórí àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run.

Ìtàn yìí ló mú mi sọ pé ìbéèrè tí a sábà máa ń béèrè nípa oògùn oko kò bọ́ sójú ọ̀nà. A máa ń bi ẹni tó ń tà á pé, ṣé ó ń pa kòkòrò? Oògùn tó ń pa bakitéríà kò wọ́n lójú ayé. Bílíìsì ń pa á, ọtí líle ń pa á, omi gbígbóná gan-an ń pa á. Ohun tó wọ́n ni oògùn tó lè dé ibi tí àrùn sá pamọ́ sí, tí yóò pẹ́ níbẹ̀ tó láti ṣiṣẹ́, tí kò sì ní pa igi, àgbẹ̀ àti ilẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ohun méjì tí àwọn olùwádìí ń pò pọ̀ báyìí, àwọn purotéènì kúkúrú tí wọ́n ń pè ní pẹ́pùtáìdì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ nánò, ìdí tí mo fi kà wọ́n sí ni pé, lójú tèmi, àwọn ni ìgbìyànjú tó gún régé jù láti dáhùn ìbéèrè dídé yìí. Mo sì rò pé àwọn tó ń polówó wọn pàápàá sábà máa ń yìn wọ́n nítorí ohun tí kò tọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú pẹ́pùtáìdì. Bí a bá fi purotéènì wé okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, pẹ́pùtáìdì ni okùn kúkúrú tí ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tó ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ohun abẹ̀mí ló ní irú rẹ̀ tó fi ń gbèjà ara. Ní ọdún 1981, Hans Boman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden rí i nínú ara àfòpiná ńlá kan, ẹ̀dá tí kò ní irú ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tí àwa ènìyàn ní, síbẹ̀ tí àrùn kì í tètè pa. Ní 1987, Michael Zasloff ní Amẹ́ríkà ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọ̀pọ̀lọ́ omi kan tí ilẹ̀ Áfíríkà ni orísun wọn. Ó ń rán ọgbẹ́ wọn, ó ń dá wọn padà sínú omi ìdọ̀tí, egbò wọn sì ń jiná láìkẹ̀. Nígbà tó wá ìdí rẹ̀, awọ ọ̀pọ̀lọ́ náà ló ń tú pẹ́pùtáìdì tó ń pa kòkòrò àrùn jáde. Ọ̀nà tí púpọ̀ nínú wọn ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ti oògùn àńtíbáyótíìkì tí a mọ̀ dunjú. Irú iná mànàmáná tó wà lára wọn máa ń fà mọ́ ìdàkejì rẹ̀ lára bakitéríà, bí irin ṣe ń lẹ̀ mọ́ òkúta tó ń fa irin. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ya awọ rẹ̀, ohun inú rẹ̀ á tú síta. Ara tiwa kò ní irú iná bẹ́ẹ̀ lójú awọ tó bẹ́ẹ̀, èyí ló fà á tí púpọ̀ nínú wọn kì í fi í bá wa jà. Mo ní púpọ̀, n kò ní gbogbo wọn o. Oró oyin tó máa ń wú ènìyàn lójú, pẹ́pùtáìdì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Èyí tó kan ọsàn ní tààrà wá láti Ọsirélíà. Ìbátan ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà níbẹ̀ tí èso rẹ̀ rí gbọọrọ bí ìka ọwọ́. Huanglongbing kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Hailing Jin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì California ní Riverside wo jíìnì rẹ̀ mọ́ ti àwọn ọsàn tí àrùn máa ń mú, wọ́n sì rí pẹ́pùtáìdì kan tí ọsàn oníka yìí ń ṣe lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 2021. Ó pa bakitéríà ìbátan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Nínú ilé ọ̀gbìn, ó dín àrùn kù lára àwọn igi tó ti mú, ó sì jí agbára ìgbèjà àwọn tí kò tíì mú, bí àjẹsára ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Ohun méjì ló wú mi lórí jù nínú ìwádìí yìí, pípa bakitéríà kò sì sí nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni pé ooru kò tètè bà á jẹ́ bó ṣe ń ba àńtíbáyótíìkì jẹ́. Èkejì ni pé, yálà wọ́n fín in ni o, tàbí wọ́n gún un sí igi, ó wọ inú, ó sì rìn gba ọ̀nà tí bakitéríà ń gbé. Ó dé ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Invaio ti gba àṣẹ láti sọ ọ́ di ohun tí àgbẹ̀ lè lò.

Ilé ọ̀gbìn kì í ṣe oko, ẹnikẹ́ni tó bá ti dá oko rí mọ èyí. Pẹ́pùtáìdì ọsàn oníka yìí le ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni àwọn yòókù. Purotéènì ni wọ́n, oúnjẹ sì ni purotéènì. Gbogbo kòkòrò inú ilẹ̀ àti lójú ewé ló ní omi ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Oòrùn ọ̀sán ń gé e, òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n máa so ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ pọ̀ níkọ̀ọ̀kan nínú yàrá ìwádìí, owó rẹ̀ ju owó ọsàn tó fẹ́ gbà là lọ. Ibi tí nánò ti wọlé nìyí.

Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 80,000 irú rẹ̀. Bakitéríà kan á tó bíi ẹgbẹ̀rún kan. Ohun tí kò bá ju nánómítà ọgọ́rùn-ún lọ ni wọ́n ń pè ní nánò, kò sì sí ohun abàmì níbẹ̀, nítorí èéfín tó dúdú mọ́ àjà ilé ìdáná àwọn ìyá wa kún fún irú hóró bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé a lè ṣe é bí a ṣe fẹ́: kí a so pẹ́pùtáìdì mọ́ ọn, tàbí kí a wé e bí ẹ̀kọ sínú ewé, kí ewé náà má tú àyàfi níbi tó yẹ kó ti tú. Chitosan ni wọ́n sábà máa ń fi wé e, ohun tí wọ́n ń rí láti ara ìkarahun edé àti akàn. Àpẹẹrẹ tó ṣe kedere jù lójú mi wá láti Yunifásítì Queensland. Neena Mitter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú amọ̀ kan tó pele-pele bí àkàrà òyìnbó, wọ́n fi oògùn kan sáàárín rẹ̀. RNA ni oògùn náà, kì í ṣe pẹ́pùtáìdì, ó sì tètè ń bàjẹ́ lójú oòrùn bíi tirẹ̀. Ní ọdún 2017, wọ́n fi hàn pé bí a bá fín in lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń dáàbò bo ewé lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì fún ogúnjọ́. Afẹ́fẹ́ àti ìrì ló ń tú amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, oògùn á sì máa jáde, títí amọ̀ fúnra rẹ̀ á fi pòórá. Oògùn kan náà ni o. Ẹrù kan náà, ọkọ̀ ló yàtọ̀.

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ yìí gan-an ni oògùn. Swadeshmukul Santra ní Yunifásítì Central Florida ṣe hóró síńkì kan tí wọ́n pè ní Zinkicide, tó kéré tó bíi nánómítà márùn-ún, kí ó lè gba inú ihò tóóró ara ewé kọjá. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa lórí àrùn kan tó ń ṣe èépá sí ara èso àti ewé irú ọsàn tí wọ́n ń pè ní grapefruit, wọ́n sì ti tẹ èyí jáde ní 2016. Síńkì jẹ́ oúnjẹ fún igi, nítorí náà àṣẹ́kù rẹ̀ kì í ṣe májèlé lásán. Lórí huanglongbing, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú rẹ̀, n kò sì ní fi ẹnu mi gbé e ga ju bó ti ga lọ.

Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀rọ̀ Florida nìkan ni èyí, kí ó rántí oko kòkó. Láti ìgbà tí Millardet, ará Faransé, ti gbé àdàlù bàbà àti ẹfun jáde fún àjàrà ní ọdún 1885, oògùn bàbà ló ti wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ayé. Òun ni àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó àti Ọ̀ṣun ń fín sí àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú. Oògùn náà dára. Ṣùgbọ́n ìgbà òjò ni àrùn yìí ń jà, òjò yìí kan náà ló sì ń fọ oògùn kúrò lára kòkó, àgbẹ̀ á tún gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn, á tún padà. Èyí tó ṣàn lọ kò pòórá. Bàbà kì í jẹrà, inú ilẹ̀ ló ń kó jọ sí. Nítorí èyí ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fi pààlà fún un: àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ju kílò 28 lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín ọdún méje. Ní oko tòmátò Florida, bàbà ti mọ́ bakitéríà tó ń sọ ewé di alámì dúdú lára tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà náà fi ń gbé inú rẹ̀ láìsí ewu. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní kí a má fi ohun tuntun wéwu, mo gbà fún un, ṣùgbọ́n kí ó rántí pé ti àtijọ́ náà ní ewu tirẹ̀, ó kàn ti mọ́ wa lára ni.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìlera. Wọ́n ní, bí hóró kan bá kéré tó láti wọ inú ewé, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń fín in? Ìbéèrè gidi nìyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín bò ó. Ẹni tó ń fín oògùn lóko wa kì í sábà bo imú. Ìdáhùn mi ni pé nánò kì í ṣe orúkọ nǹkan kan, ìwọ̀n ni. Hóró fàdákà ń pa bakitéríà láìyan ọ̀tá yan ọ̀rẹ́, títí kan àwọn tó ń mú ilẹ̀ lọ́ràá, kì í sì í jẹrà. N kò ní fọwọ́ sí i kí wọ́n máa fín in káàkiri oko. Amọ̀ tó ń tú dànù lẹ́yìn ogúnjọ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ nánò kan ṣoṣo dá gbogbo wọn lẹ́bi, ó ṣe bí ẹni tó ní òun kò ní jẹ olú mọ́ torí pé olú kan pa ènìyàn. Ẹni tó sì fi ọ̀rọ̀ náà dá gbogbo wọn láre, ó ṣe bí ẹni tó ń jẹ gbogbo olú tó bá rí. Ní ti pẹ́pùtáìdì, a ti ń jẹ ọ̀kan nínú wọn tipẹ́. Nisin, tí bakitéríà inú wàrà ń ṣe, ni ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ń fi sí wàràkàṣì àti oúnjẹ inú agolo kí ó má bàa bàjẹ́, inú wa sì ń dà á bí ẹyin àti ẹran.

Àtakò kejì ni pé bakitéríà lè mọ ọgbọ́n tí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ pẹ́pùtáìdì. Àwọn onímọ̀ kan ní kò lè rí bẹ́ẹ̀ láéláé, torí pé bakitéríà kò lè pààrọ̀ awọ ara rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Colistin jẹ́ irú pẹ́pùtáìdì kan tó jẹ́ oògùn ìkẹyìn tí dókítà máa ń dì mú nígbà tí gbogbo oògùn yòókù bá ti kùnà. Nígbà kan, àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ ní Ṣáínà máa ń fi í kún oúnjẹ ẹran. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, àwọn olùwádìí ròyìn jíìnì kan tó ń yí iná ara bakitéríà padà kí colistin má lè lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, bakitéríà kan sì lè fi jíìnì náà ta òmíràn lọ́rẹ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi le díẹ̀: pẹ́pùtáìdì tó bá jọ èyí tí ilé ìwòsàn ń lò, tàbí tó fẹ́ lò, kò gbọdọ̀ dé oko. Ti ọsàn oníka ní àǹfààní níbí, nítorí ó tún ń jí ìgbèjà igi fúnra rẹ̀, bakitéríà sì ní láti bá ogun méjì jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tó dára tún ń ràn án lọ́wọ́. Ohun tó ń kọ́ bakitéríà lọ́gbọ́n jù ni oògùn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀nba tí kò lè pa á. Bí oògùn bá dé ní kíkún, bakitéríà tí yóò yè láti fi ìtàn sílẹ̀ fún ọmọ á dín kù.

Owó ńkọ́? Ẹ wo insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún. Okùn kúkúrú lòun náà, inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù ni wọ́n ti ń fà á jáde tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó kọ́ bakitéríà bó ṣe lè ṣe é, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fàṣẹ sí i ní 1982. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n lè gbà fi bakitéríà tàbí ìwúkàrà ṣe pẹ́pùtáìdì nínú ìkòkò ńlá bí ìgbà tí wọ́n ń pọn ọtí. Ó ń mú owó wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí kò tó láti pa àtakò yìí. Ìwọ̀n tín-ín-rín ni alátọ̀gbẹ ń lò, oko sì ń gbé oògùn mì bí iyanrìn ṣe ń mu omi. Bí ìdajì oògùn bá ń ṣàn lọ sílẹ̀, kò sí bí ìkòkò ṣe lè tóbi tó tí àgbẹ̀ tó ní igi ọsàn díẹ̀ yóò fi lè rà á. Bí ọkọ̀ nánò bá lè dín ìwọ̀n tí a nílò kù, tó sì ń jẹ́ kí fínfín kan ṣe iṣẹ́ mẹ́ta, nígbà yẹn ni ìṣirò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Ọ̀rọ̀ dídé náà la tún padà sí.

Àwọn kan ní ọ̀nà tó kúrú jù ni kí wọ́n fi jíìnì sínú igi kó máa ṣe pẹ́pùtáìdì fúnra rẹ̀. Erik Mirkov ní Yunifásítì Texas A&M fi jíìnì láti inú ẹ̀fọ́ spinach sínú ọsàn fún ìdí yìí. Ó mọ́gbọ́n wá, torí igi tó ń se oògùn nínú ara rẹ̀ kò nílò ọkọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n igi ọsàn ń pẹ́ kó tó so, àṣẹ ìjọba ń pẹ́ jù ú lọ, àwọn tó ń mu ọsàn sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé àwọn kò fẹ́. Èyí tí a fín sí ara kò kan jíìnì igi, àgbẹ̀ sì lè fi sílẹ̀ lọ́dún tó bá wù ú.

Kí ló kàn wá níhìn-ín? Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí tẹ ìròyìn jáde pé wọ́n ti rí kòkòrò tó ba Florida jẹ́, kòkòrò yẹn gan-an, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Kòkòrò ni wọ́n sọ pé ó dé o. Ní Florida, ọdún méje ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n rí kòkòrò àti ìgbà tí wọ́n rí àrùn. Ní São Paulo, lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, tí wọ́n ti rí àrùn náà ní 2004, ó ti wà lára èyí tó ju ìpín 40 nínú ọgọ́rùn-ún igi ọsàn wọn lọ báyìí, àwọn sì ni wọ́n ń pọn omi ọsàn fún ayé mu jù. NIHORT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí lórí èso àti ẹ̀fọ́, wà ní Ìbàdàn, ọsàn sì wà lára iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ yẹ kò ní nánò kankan nínú: kí wọ́n fi àwọ̀n bo ilé tí wọ́n ti ń hu ọ̀gbìn ọsàn tí wọ́n ń tà, kí ẹni tó ń gbé ọ̀gbìn láti ìlú kan dé òmíràn lè mọ ohun tó ń gbé.

Nígbà tí oògùn tuntun bá sì dé, tí ẹni tó ń tà á bá gbé ìwé rẹ̀ síwájú NAFDAC, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Nàìjíríà, kò yẹ kí wọ́n bi í léèrè iye bakitéríà tó kú lójú àwo nínú yàrá ìwádìí. Kí wọ́n ní kí ó bó èèpo igi ọsàn kan tó ń dàgbà nínú ilẹ̀ Ìbàdàn, lẹ́yìn òjò méjì àti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta oòrùn, kí ó sì fi iye oògùn tó ṣẹ́kù lábẹ́ èèpo náà hàn, àti iye tó wà nínú ilẹ̀ ìdí igi.